Ẹ̀kọ́ Wa: Alùpùpù Oníhòòhò Tàbí Alùpùpù Aláṣọ?

Ní ọdún tó kọjá, a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní ẹkùn wa, a sì bá àwọn ìgbìmọ̀ lẹ́nu àríyànjiyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́, tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri ìgboro fún àwọn oníṣòwò, fẹ́ yá owó ra òmíràn. Èyí tí wọ́n fi ike bò láti iwájú dé ẹ̀gbẹ́ ló ń fẹ́. Akápò ní kó ra èyí tí kò wọ aṣọ, torí pé ẹ́ńjìnì kan náà ni. Ọmọ náà ní, "Bàbá, èyí tí mo wí yìí lágbára ju ti ìhòòhò lọ." Wọ́n bá kọjú sí wa. A kò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. A lọ wádìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Bajaj ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn tó ń ṣe Boxer tí gbogbo wa mọ̀ ni. Ní 2012 wọ́n gbé Pulsar NS200 jáde ní Íńdíà. Ìhòòhò ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ hàn gbangba. Ní 2015 wọ́n gbé RS200 jáde, aláṣọ ni èyí. Ẹ́ńjìnì méjèèjì jẹ́ 199.5 cc, omi ló sì ń tu méjèèjì lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, NS200 wúwo tó kílò 145, RS200 sì tó 165: ike, irin tó dì í mú, àti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n fi kún un.

Ní ti agbára, RS200 jẹ́ agbára ẹṣin 24.5, NS200 jẹ́ 23.5. Kí ẹni tó ń tajà má fi èyí tàn yín o. Kabúrétọ̀ ni NS200 ìgbà náà ń lò. RS200 ní ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì. Ike kò lè fi agbára kún ẹ́ńjìnì kankan.

Atẹ́gùn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti ènìyàn sẹ́yìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá kúrò lórí eré kílómítà 40 ní wákàtí kan bọ́ sí 100, atẹ́gùn tó ń bá a jà ti di ìlọ́po mẹ́fà àti díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò mọ oore aṣọ yìí lára: àyà rẹ̀ kò ní gba gbogbo atẹ́gùn, ọrùn kò sì ní tètè ro ó. Òjò pàápàá á dín kù lára rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kò ní bá a jiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ lè ti aláṣọ lórí afárá ju oníhòòhò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn láti Mókọ́lá sí Ọ̀jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí ni atẹ́gùn fi ṣe é? Ooru ni ọ̀tá tirẹ̀, ike sì máa ń há ooru mọ́ ẹ́ńjìnì àti itan ẹni tó gùn ún. Háńdù irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀, ẹni tó gùn ún á máa tẹ̀ síwájú, ọrùn ọwọ́ á sì máa ro ó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ ìṣubú ló wá kàn wá jù, nítorí owó ẹgbẹ́ ni. Bí oníhòòhò bá ṣubú níbi tó dúró sí, bóyá ìfà búréèkì ló máa tẹ̀, tàbí kí iná ẹ̀gbẹ́ fọ́. Bí aláṣọ bá ṣubú bẹ́ẹ̀, ike á là, etí tí wọ́n fi ń so ó á kán. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ tú ike kó tó dé ìdí púlọ́ọ̀gì, bó bá sì tú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdè kan á ti sọnù. A rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó jẹ́ pé wáyà ni wọ́n fi so gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ẹwà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á ti lọ, gbèsè ṣì wà nílẹ̀.

Èyí ni a sọ fún ìgbìmọ̀ náà: kí wọ́n bi ayáwó pé ọ̀nà wo ló ń gbà, kí òun àti àwọn onídùúró rẹ̀ sì lọ béèrè iye owó ike iwájú kan lọ́jà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ. Ọjọ́ kẹta ló padà wá, ó ní kí akọ̀wé jọ̀ọ́ bá òun yí orúkọ alùpùpù tó wà nínú fọ́ọ̀mù padà.