Ọyẹ́, Afẹ́fẹ́ àti Iná: Ẹ̀kọ́ fún Ìyá àti Ìdílé

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ìyá kan se ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Nígbà tí oúnjẹ jinná, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó rí i pé eérú ti bo ẹyín iná, ó sì gba ọjà lọ. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ dìde, ó ṣí eérú kúrò, ó sì gbé ẹyín iná sínú koríko gbígbẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń ṣeré nítòsí ni iná kọ́kọ́ bà lẹ́sẹ̀. Àwọn ará ilé sáré da ẹyin àti epo pupa sí ojú ọgbẹ́ náà.

Àṣìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀: ọ̀kan wà nínú ààrò, èkejì wà nínú ìtọ́jú. Ìyá náà kì í ṣe aláìbìkítà. Ohun tí ó ti ń ṣe láti ìgbà òjò ni ó ṣe. Ojú ọjọ́ ni ó yí padà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 180,000 ènìyàn ni ìjóná ń pa ní ọdọọdún ní gbogbo ayé. Ibi ìdáná inú ilé ni iná ti sábà máa ń jó àwọn obìnrin àti ọmọdé.

KÍ NI ỌYẸ́ Ń ṢE SÍ INÁ?

Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láàárín ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ọdún. Eruku ni ó ń gbé wá, kì í gbé òjò. Ẹ̀yin náà mọ àmì rẹ̀: ètè a máa là, awọ ara a máa funfun, aṣọ tí a sá a sì tètè gbẹ. Bí ó ti ń fa omi kúrò lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fà á kúrò lára koríko, ewé àti igi ìdáná.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni afẹ́fẹ́ ń ṣe fún iná. Èkíní, ó ń fún un ní èémí, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ti ń mú kí ẹyín iná pọ́n. Èkejì, ó ń tẹ ọwọ́ iná síwájú, ooru rẹ̀ a sì gbẹ koríko tí iná kò tíì dé. Ẹ̀kẹta, ó ń gbé ewé tí ń jó fò kọjá ọ̀nà, lọ bọ́ sórí òrùlé tàbí sínú àká. Nítorí náà, ẹni tí ọ̀nà wà láàárín òun àti iná kò gbọdọ̀ fọkàn balẹ̀.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ní agbègbè bíi Ṣakí, Kíṣí àti Ìgbòho, koríko ga, igi sì jìnnà sí ara wọn. Kò sí igbó kìjikìji tí yóò dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí iná fi ń sáré níbẹ̀ ju bí ó ti ń sáré ní ilẹ̀ igbó lọ.

Irú ilẹ̀ koríko bẹ́ẹ̀ wà ní òkè òkun pẹ̀lú. Ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2024, òpó iná mànàmáná kan tí ó ti jẹrà ṣubú sínú koríko gbígbẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́. Iná tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jó ilẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ. Ènìyàn méjì kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù sì ṣègbé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ọkọ̀ panápaná, wọ́n sì ní ọkọ̀ òfuurufú tí ń da omi sórí iná. Bí afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ gbígbẹ bá ti pàdé, pípa iná nira fún gbogbo ènìyàn. Kí iná má ràn rárá ni ó dára jù. Lọ́dọ̀ wọn, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ a máa kéde ọjọ́ ewu iná kí ó tó dé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan níhìn-ín lè dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MỌ ỌJỌ́ EWU

Kí ìyá ilé jáde síta ní òwúrọ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta:
1. Ǹjẹ́ koríko ń dún bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?
2. Ǹjẹ́ ètè àti imú ń gbẹ?
3. Ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ ń mi ẹ̀ka igi, tàbí ó ń gbé eruku nílẹ̀?

Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ ewu ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun pàǹtírí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ti iná bọ oko tàbí igbó ọdẹ. Bí koríko bá gbẹ ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ẹ má ṣe túra sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sábà máa ń dákẹ́ ní òru, kí ó sì tún dìde bí oòrùn bá ti ń gòkè.

ÌṢỌ́RA NÍNÚ ILÉ

• Ẹ ṣe ààrò sí ibi tí ògiri ti ń dí afẹ́fẹ́, kí ó jìnnà sí àká, ẹní àti aṣọ tí a sá.
• Bí oúnjẹ bá jinná, ẹ bu omi pa ẹyín iná. Ẹ rò ó, kí ẹ tún bu omi sí i, títí kò fi ní ooru mọ́. Ẹ má ṣe da eérú gbígbóná sí ààtàn.
• Ẹ má ṣe rọ epo kẹrosíìnì sí sítóòfù tàbí àtùpà tí ń jó lọ́wọ́. Ẹ pa á, kí ó tutù ná. Epo tí a da bẹntiróòlù mọ́ lè bú gbàmù. Ẹ má ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀.
• Ẹ so ìró àti gèlè yín dáadáa nídìí iná. Afẹ́fẹ́ lè gbé etí ìró sínú iná láìfura.
• Ẹ ro àyíká ilé kí ọyẹ́ tó dé, kí ẹ sì gbá ewé gbígbẹ kúrò.
• Ẹ gbé omi àti yanrìn sí ìtòsí ibi ìdáná. Ẹ fi ìṣáná pamọ́ fún ọmọdé.

BÍ INÁ PÁPÁ BÁ Ń BỌ̀

Ẹ tètè kó ọmọ, arúgbó àti aláìsàn kúrò. Ẹ má ṣe padà nítorí ẹrù. Ẹ má ṣe sá síwájú iná ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí; ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì forí lé ilẹ̀ tí kò ní koríko. Bí èéfín bá pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń lọ.

BÍ INÁ BÁ JÓ ÈNÌYÀN

1. Bí aṣọ bá gba iná, kí ẹni náà má ṣe sáré. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó sì máa yí gbiri títí iná yóò fi kú.
2. Ẹ da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú ibi tí ó jóná fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má ṣe lo omi dídì. Bí ẹ kò bá rí omi lójú ẹsẹ̀, ó ṣì wúlò títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìjóná. Ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara ọmọ náà kí òtútù má bàa mú un.
3. Ẹ bọ́ òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ kúrò kí ara tó wú. Aṣọ tí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má ṣe fà á.
4. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí eérú sí i. Wọn kì í mú ooru kúrò nínú ara, wọ́n lè kó kòkòrò àrùn wọ ọgbẹ́, wọn a sì bo ọgbẹ́ mọ́ dókítà lójú. Ẹ má ṣe bẹ́ ìléròrò.
5. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ọgbẹ́ náà wẹ́rẹ́, láìdì í pinpin.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá bí ọgbẹ́ náà bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà lọ. Bí ó bá wà ní ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú ara tàbí oríkèé. Bí ó bá fa èéfín símú. Tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọdé, aboyún tàbí arúgbó. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tí ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÍLÉ

1. Ta ni ó ń pa iná ààrò nínú ilé wa, báwo ni ó sì ṣe ń pa á?
2. Omi ta ni ó wà nítòsí jù bí iná bá jó ọmọ wa lónìí?
3. Kí ni ìyá tí ó wà nínú àpẹẹrẹ wa ì bá ti ṣe kí ó tó gba ọjà lọ?

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sétí àwọn àgbà ilé àti ọmọ ọ̀dọ̀. Omi ìgbá méjì nínú ààrò ní òwúrọ̀ lè gba ọmọ là ní ọ̀sán.