Ọkọ̀ Tuntun Dé: Ṣé Kí A Pààrọ̀ Àga Ọmọ?

Bí ọkọ̀ tuntun bá wọlé, ìbáà jẹ́ tókunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté dé, ìnáwó kì í tán lórí rẹ̀ bọ̀rọ̀: ìwé ọkọ̀, táyà, bátìrì, aṣọ ìjókòó. Ìgbà tí a bá rò pé ó ti tán ni ìyá àwọn ọmọ yóò béèrè pé, "Bàbá Ìbejì, àga àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ àtijọ́ ńkọ́? Ṣé yóò bá èyí mu?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọkọ̀ tuntun nìkan kò tó ìdí láti ra àga tuntun. Ọjọ́ orí àga náà, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, àti bí ọmọ ṣe dàgbà tó, àwọn ló ń sọ bóyá a ó pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti yí padà, dandan ni kí ẹ tún àga náà dè láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí kò dè é rí. Àga tó dúró gbọin nínú ọkọ̀ kan lè máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú òmíràn.

Ohun tí ọwọ́ ìyá kò lè ṣe

Àwọn kan ṣì gbà pé bí ìyá bá ti gbá ọmọ mọ́ra lẹ́yìn ọkọ̀, ó parí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ọkọ̀ tó ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu ohun tí kò lè mì, agbára tí ọmọ tí a kò dè yóò fi gbá nǹkan níwájú kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó já bọ́ láti orí ilé alájà mẹ́ta, nǹkan bíi mítà 10. Kò sí ọwọ́ tó lè mú un dúró. Bí ìyá bá sì fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara rẹ̀ àti ọmọ pọ̀, ara ìyá ni yóò fún ọmọ mọ́ bẹ́líìtì náà. Àjọ NHTSA, tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé àga ọmọ ń dín ewu ikú kù ní ìdá 71 nínú 100 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àti ní ìdá 54 fún ọmọ ọdún 1 sí 4.

Ẹ dojú àga dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀

Kí ẹ tó gbé àga àtijọ́ wọ inú ọkọ̀ tuntun, ẹ gbé e síta, kí ẹ dojú rẹ̀ dé. Ní ìdí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó tún rí ọjọ́ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó mọ́. Ọ̀pọ̀ àga tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fún ní ọdún 6 sí 10. Kì í ṣe ọgbọ́n àtitajà lásán: ike a máa gbó. Ọkọ̀ tó ń dúró nínú oòrùn Ìbàdàn láti àárọ̀ dalẹ́, inú rẹ̀ a máa gbóná ju ìta lọ fíìfíì, inú ooru yẹn náà sì ni ike àti bẹ́líìtì àga ń gbé.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ìtàn rẹ̀. Ṣé ó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kọlu nǹkan rí? NHTSA gbà pé ẹ lè máa lò ó lọ bí ìkọlù náà bá kéré: ọkọ̀ ṣì ṣeé wà kúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn tó sún mọ́ àga kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò farapa, éábáàgì kankan kò tú, ojú kò sì rí ibi tí àga ti sán. Gbogbo márààrún gbọ́dọ̀ pé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìwé àga náà bá sì ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù èyíkéyìí, ohun tí ìwé wí ni kí ẹ ṣe.

Ibi tó ń dùn wá jù lọ nìyí. Ọ̀pọ̀ òbí tó ní àga dáadáa nílé ni yóò tà á nítorí pé ọkọ̀ ti yí padà, tí yóò sì lọ ra àga tókunbọ̀ tó ń dán lọ́jà. Ẹni tó tà á kò mọ ibi tó ti wá. Ó lè jẹ́ inú ọkọ̀ tó ti fọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́, ibi tí ike ti sán sì lè wà lábẹ́ aṣọ tí ojú kò tó o. Àga tí ẹ bá bá nínú ọkọ̀ tókunbọ̀ náà kò yàtọ̀. Ẹ má tìtorí pé ọ̀fẹ́ ni lò ó. Bó bá jẹ́ pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín ló fẹ́ fún yín ní tirẹ̀, tí ẹ mọ ọjọ́ tó rà á àti ohun tó fi ṣe, ìyẹn yàtọ̀.

Irin tó fara pamọ́ sínú ìjókòó

Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín ìdí ìjókòó ẹ̀yìn àti ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti bí ọdún 2003 ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì níbẹ̀. LATCH ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ISOFIX ni ní Yúróòpù. Bí ọwọ́ yín kò bá kàn án, ẹ bi àwọn tó rán aṣọ ìjókòó tuntun, wọ́n lè ti bò ó mọ́lẹ̀.

Irin yìí ní ìwúwo tó lè gbé. Ní ti Amẹ́ríkà, bí ìwúwo ọmọ pẹ̀lú ti àga bá ti kọjá nǹkan bíi kìlógíráàmù 29, bẹ́líìtì ọkọ̀ ni kí ẹ fi de àga. Ẹ má lo irin àti bẹ́líìtì pọ̀ láìjẹ́ pé ìwé àga fọwọ́ sí i.

Nígbà tí èmi tí mo ń kọ ìwé yìí kúrò nínú ọkọ̀ kékeré bọ́ sínú jíìpù, bẹ́líìtì ni mo fi de àga ọmọ mi. Mo fà á títí, ó ṣì ń mì. Mo ti ń ka owó àga tuntun kí n tó jókòó ka ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Àṣé mo gbọ́dọ̀ fa bẹ́líìtì náà jáde tán pátápátá, kí n wá jẹ́ kó padà díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń padà ni yóò máa ta káká-káká, tí yóò sì tì. Mo fi orúnkún tẹ àga mọ́lẹ̀, mo fà á le, ó dúró. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti bí ọdún 1996 ni ìtìpa báyìí wọ́pọ̀ lára wọn. Ọkọ̀ tó ti Yúróòpù gba Kútọnu wọlé lè máà ní in, nítorí náà ẹ wò ó bóyá àga yín ní ohun tí yóò ti bẹ́líìtì pa fúnra rẹ̀.

Láti mọ̀ bó ti le tó, ẹ di àga mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ mì í. Kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ínṣì kan lọ.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí yóò kọ àga yín lóòótọ́. Àga tó ní ẹsẹ̀ tó dúró sílẹ̀ kò bá ọkọ̀ tó ní àpótí lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ mu, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá gbà á. Àga ìgbéga tí ọmọ ńlá ń jókòó lé kò ṣeé lò níbi tí bẹ́líìtì ìbàdí nìkan wà. Bí ọmọ bá sì jẹ́ mẹ́ta, ẹ gbé àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, kí ẹ tò wọ́n wò kí ẹ tó sanwó.

Àga tó kọ ẹ̀yìn síwájú kò gbọdọ̀ sí níwájú éábáàgì tó ń ṣiṣẹ́ láé. Bí éábáàgì bá tú, orí ọmọ ló ń bá.

Ọmọ fúnra rẹ̀

Ọkọ̀ nìkan kọ́ ló ń yí padà, ọmọ náà ń dàgbà. Bí orí ọmọ tó kọ ẹ̀yìn síwájú bá ti fẹ́ẹ̀ bá etí òkè àga dọ́gba, tàbí tí ó ti wúwo ju ohun tí wọ́n kọ sára àga, àga náà ti kéré. Ẹ má kánjú yí ọmọ síwájú. Ọrùn ọmọ kékeré kò lágbára, ẹ̀yìn àga ló ń bá a gba agbára ìkọlù. Ọmọ tí kò tíì ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145 ṣì nílò àga ìgbéga kí bẹ́líìtì má baà gba ọrùn àti ikùn rẹ̀.

Ní ti ọmọ jòjòló, ẹ wò ó bóyá ìjókòó ọkọ̀ tuntun dagun jù. Àgbọ̀n ọmọ kò gbọdọ̀ tẹ àyà rẹ̀, kí èémí má baà há. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀lù wé e kí ẹ tó dè é. Ẹ kọ́kọ́ dè é, kí ìdè àyà wà ní ọ̀gangan abíyá, kí ẹ wá fi aṣọ bò ó lórí bẹ́líìtì.

Bí àga kò bá ṣeé lò mọ́

Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn bẹ́ẹ̀. Ẹ gé gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò, ẹ ya aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi kàlámù ńlá kọ "Ó TI BÀJẸ́" sára ike náà gàdàgbà, kí ẹni tó bá ṣà á má baà fọ̀ ọ́, kó sì tún tà á fún ìyá ọlọ́mọ mìíràn.