Ẹ Dán Mọ́tò Ẹ̀rọ Gààrí Wò Kí Ẹ Tó Fi Ṣiṣẹ́

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń rin ẹ̀gẹ́ fún gààrí, tàbí tí ẹ ń lọ ata àti àgbàdo. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo epo. Àwọn mìíràn ń lo mọ́tò, ìyẹn irin roboto tó ń fi iná mànàmáná yí ẹ̀rọ. Ti oníná yìí la fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ra mọ́tò àlòkù ní Ìkàrẹ́. Ó gbé e dé Ọ̀kà, ó fi bẹ́líìtì sí i, ó tanná. Omi ẹ̀gẹ́ ti rin ilẹ̀ gbingbin, ìyá ò sì wọ bàtà. Bí iná bá ń jò sí ara mọ́tò náà, ìgbà tí ìyá bá fọwọ́ kàn án ló máa tó mọ̀. Iná kì í gbó bí ajá kó tó bu ni jẹ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ mọ́tò wò nígbà tí iná ò tíì dé ara rẹ̀.

KÍ INÁ TÓ DÉ

1. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná pátápátá. Iná tó lọ lè dé lójijì.

2. Ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ. Ẹ wọ bàtà onírọ́bà, kí ọwọ́ yín sì gbẹ.

3. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Iná ilé wa jẹ́ fóòtì 230. Mọ́tò fóòtì 110 á jó.

4. Ẹ fọwọ́ yí ọ̀pá àárín rẹ̀. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń há tàbí tó ń dún gìrìgìrì, bíárìn rẹ̀ ti bàjẹ́.

5. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ohun tó jó, wáyà inú rẹ̀ ti jó nìyẹn.

6. Ẹ má fọwọ́ kan kàpásítọ̀, agolo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti paná.

7. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà fi mítà fóòtì 500 wò ó bóyá iná ń jò láti inú wáyà sí ara irin. Bí mítà bá kà tó megohm 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Bí kò bá tó, ẹ má tanná sí i.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ TANNÁ

Ẹ yọ bẹ́líìtì. Ẹ de mọ́tò mọ́ pákó ńlá, nítorí ó máa ń fò bó bá gbéra. Ẹ so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin rẹ̀. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, kí ẹ sì so ìró yín le. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti suwíìṣì.

Bó bá ń kùn "hùùù" tí kò yí, ẹ paná kíá, kó má bàa jó. Bó bá yí, ẹ jẹ́ kó ṣe ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹ fi téstà kan ara rẹ̀. Bí téstà bá tàn, ẹ má ṣe sọ pé díẹ̀ ni. Ẹ paná, kí ẹ gbé e padà fún rìwáyà.

MỌ́TÒ ONÍBÁTÌRÌ

Wọ́n lè gbé mọ́tò ọkọ̀ kékeré tí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ń gùn wá fún yín. Bátìrì fóòtì 36 tàbí 48 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ dán an wò. Púpọ̀ nínú wọn, bí wọn ò bá rí ẹrù gbé, eré wọn á máa pọ̀ sí i títí wọ́n á fi fọ́ ká. Kí rìwáyà dè é mọ́lẹ̀ gírígírí, kó fi bátìrì fóòtì 12 kan péré dán an wò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

BÍ INÁ BÁ GBÉ ÈNÌYÀN

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ paná. Bí ẹ ò bá lè pa á, ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù, bó tilẹ̀ dìde fúnra rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́

1. Kí ló dé tí a fi ń yọ bẹ́líìtì kí a tó tanná?

2. Ta ló dúró ti suwíìṣì ní ibi tí ẹ ti ń rin ẹ̀gẹ́?

Owó mọ́tò ṣeé tún rí. Ẹ̀mí ò ní àlòkù.