Àbọ̀ Ọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọ̀ Ara Nínú Ìdìbò Ààrẹ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni èyí jẹ́ láàrin wa, nítorí ó fi hàn pé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní làákàyè, àti pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò fẹ́ dójú ti ọmọnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń bo àṣírí ni a lè fi bo ìkà pẹ̀lú. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ń fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ayé, bá wa wo bí a ti ń lo àbọ̀ ọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n bá ń du ipò Ààrẹ, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ti àwọ̀ ara. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé níwọ̀n bí olùdíje kò bá ti bú àwọn ènìyàn dúdú ní gbangba, àwọ̀ ara kò sí nínú ìdìbò náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Láti 1968 wá, ibi tí a kò ti dárúkọ rẹ̀ gan-an ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jùlọ.

Kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ fi di ohun èlò. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó fi òpin sí oko ẹrú ní ilẹ̀ náà, a fi àtúnṣe kan kún òfin ìpìlẹ̀ wọn ní 1870, pé a kò gbọdọ̀ fi ìbò du ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, inú ìwé ni òfin náà wà, kò sí ní ìgboro. A gbé owó orí lé olùdìbò. A fún un ní ìdánwò ìwé kíkà, èyí tí akọ̀wé ìdìbò lè mú kí ó le tàbí kí ó rọ̀ bí ó ti wù ú. A sì dẹ́rù ba àwọn tí ó kù. Báyìí ni ó rí títí di ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1965, nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò. Ní gbogbo àkókò náà kò sí ohun tí ó mú kí olóṣèlú ará Gúúsù fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1963, nígbà tí George Wallace, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, gba oyè gómìnà Alabama, ó dúró níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn ó sì kéde pé ìyàsọ́tọ̀ funfun kúrò lára dúdú yóò wà títí láé. Odidi ọ̀rọ̀ ni èyí. Kò ṣẹ́ ohunkóhun kù fún olùgbọ́ láti parí.

Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú ní Gúúsù wá ní ìbò lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó pàápàá sì ti ń tijú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, odidi ọ̀rọ̀ di ẹrù wúwo fún ẹni tí ń wá ìbò gbogbo ilẹ̀ náà. Ní 1968 Wallace kan náà jáde fún ipò Ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ kẹta. Kò tún pariwo ìyàsọ́tọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ń wí, àti òfin òun ètò ìlú. Ó mú ìpínlẹ̀ márùn-ún, ó sì gba ìbò 46 nínú 538 ti àwọn aṣojú tí í yan Ààrẹ. Richard Nixon ti ẹgbẹ́ Republican, ẹni tí ó borí, lo ọ̀rọ̀ òfin òun ètò ìlú pẹ̀lú, ní ohùn tí ó rọ̀ ju ti Wallace lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo níhìn-ín. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni a pa Martin Luther King, rúkèrúdò àti iná sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ó bèèrè pé kí ìgboro rójú kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti rí gan-an nìyẹn: ó ní ojú rere kan tí ó lè fi han ẹnikẹ́ni tí ó bá bi í léèrè.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ibi tí a ti sọ ọ́ lè jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ronald Reagan sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ ọdọọdún ti Neshoba ní Mississippi, ó sì wí pé òun gba ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ gbọ́. Ní àgbègbè náà ni a ti pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní oṣù kẹfà ọdún 1964: James Chaney tí í ṣe dúdú, àti Andrew Goodman àti Michael Schwerner tí í ṣe funfun, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti mú kí àwọn ènìyàn dúdú lè dìbò. Reagan kò dárúkọ wọn. Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ wí pé ohun tí ó ti ń sọ tipẹ́ nípa agbára ìjọba àpapọ̀ ni ó tún sọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pé jọ síbẹ̀ mọ ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé.

Ẹnìkan tí ó mọ iṣẹ́ yìí láti inú wá ti ṣàlàyé rẹ̀. Lee Atwater, tí a tọ́ dàgbà ní South Carolina, ń ṣiṣẹ́ ní ilé Ààrẹ Reagan ní 1981 nígbà tí ó bá ọ̀mọ̀wé kan sọ̀rọ̀, tí a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, ní 1954 olóṣèlú lè máa pe àwọn ènìyàn dúdú ní orúkọ ẹ̀gàn kí ó sì jèrè rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1968, orúkọ náà ń pa olúwarẹ̀ lára, nítorí náà ó yí sí ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀, àti sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé láti àdúgbò kan dé òmíràn kí dúdú àti funfun lè jùmọ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀rọ̀ dídín owó orí kù, tí ó jọ ọ̀ràn owó lásán, ṣùgbọ́n tí ìpalára rẹ̀ yóò kan dúdú ju funfun lọ. Atwater tìkára rẹ̀ rò pé bí ọ̀rọ̀ ti ń jìnnà sí àwọ̀ ara, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn àwọ̀ ara ń kú lọ. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe ní ọdún méje lẹ́yìn náà kò jẹ́rìí sí i.

Ní 1988 George Bush, tí í ṣe igbákejì Ààrẹ, ń bá Michael Dukakis, gómìnà Massachusetts, du ipò, Atwater sì ni olùdarí ìpolongo Bush. Ní Massachusetts a máa ń yọ̀ǹda fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan láti lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ kí wọ́n sì padà. Lábẹ́ gómìnà kan tí ó jẹ́ Republican ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1972, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Dukakis ni ó kọ̀ ní 1976 láti fọwọ́ sí òfin tí ìbá yọ àwọn apànìyàn kúrò nínú rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n dúdú kan tí ń jẹ́ William Horton, tí a dá ẹ̀wọ̀n gbére fún nítorí ìpànìyàn, jáde lọ báyìí ní 1986, kò sì padà. Ní 1987, ní Maryland, ó fi ọ̀bẹ ṣe ọkùnrin kan léṣe, ó sì fi ipá bá àfẹ́sọ́nà ọkùnrin náà lòpọ̀. Ìwà ibi gidi ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó. Ẹgbẹ́ kan tí ó wà lẹ́yìn Bush, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìpolongo rẹ̀ gan-an, gbé àwòrán ojú Horton sórí tẹlifíṣàn, wọ́n sì pè é ní Willie, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé a kì í pe òun. Ohùn tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìpolówó náà kò mẹ́nu kan dúdú tàbí funfun. Ìpànìyàn, ọ̀bẹ, àti àyè òpin ọ̀sẹ̀ ni ó ń wí. Ojú inú àwòrán ni ó parí ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn olùwòran.

Bush mú ìpínlẹ̀ 40. A kò sọ pé àwòrán kan ni ó fi ìjọba lé e lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ṣẹ́gun Dukakis. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi sọ́kàn ni èyí: fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni a fi ń jiyàn lórí ọ̀ràn náà bí ẹni pé ti ọ̀daràn nìkan ni, títí Jesse Jackson fi sọ ọ́ síta ní ìparí oṣù kẹwàá pé ti àwọ̀ ara ni. Tali Mendelberg, olùkọ́ ní Yunifásítì Princeton, yẹ ìdìbò náà wò nínú ìwé kan tí ó jáde ní 2001, ó sì rí i pé ìgbà tí a kò tíì dárúkọ rẹ̀ ni ọfà náà ń wọlé ṣinṣin. Nígbà tí a dárúkọ rẹ̀ tán, agbára rẹ̀ dínkù. Ó yé wa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń parí ọ̀rọ̀ burúkú lọ́kàn kì í fẹ́ kí a tan iná sí i lójú. Atwater náà, nígbà tí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ dá a dùbúlẹ̀, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dukakis nínú ìwé ìròyìn kan ní 1991. Ẹni 40 ọdún ni nígbà tí ó kú ní oṣù kẹta ọdún náà.

Ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ní 2000 òkò náà bà nínú ẹgbẹ́ Republican fúnra rẹ̀. John McCain ti borí ọmọ Bush, George W. Bush, nínú ìdìbò abẹ́lé ní New Hampshire. Nígbà tí wọ́n dé South Carolina, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lórí tẹlifóònù àti nínú ìwé àfọwọ́pín pé McCain bí ọmọ dúdú kan ní ìta. Ọmọbìnrin kan tí òun àti aya rẹ̀ gbà tọ́ láti Bangladesh ni àwọn ènìyàn ń rí pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ará ìpolongo Bush wí pé ọwọ́ àwọn mọ́. McCain sì fìdí rẹmi níbẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kejì. Ọkùnrin yìí ni ó tún jáde ní 2008, tí ó sì bá ọmọ dúdú pàdé.

Barack Obama, ọmọ ará Kenya àti obìnrin funfun láti Kansas, kì í ṣe dúdú àkọ́kọ́ tí ó du ipò náà. Shirley Chisholm ti ṣe é ní 1972, Jackson sì ti ṣe é ní 1984 àti 1988. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2008 Obama borí ní Iowa, níbi tí ènìyàn funfun ti ju 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá a láti inú ẹgbẹ́ tirẹ̀: nígbà tí ó borí ní South Carolina, Bill Clinton, tí aya rẹ̀ ń bá Obama díje, dá àwọn oníròyìn lóhùn pé Jackson náà borí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó bi í nípa Jackson. Ní oṣù kẹta a gbé ìwàásù ìbínú tí Jeremiah Wright, àlùfáà Obama ní Chicago, ti ṣe sórí tẹlifíṣàn lójoojúmọ́. Nígbà náà ni Obama yàn láti sọ odidi ọ̀rọ̀, ní Philadelphia ti Pennsylvania, ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Ó sọ ti ìbínú àwọn dúdú, ó sọ ti ẹ̀dùn àwọn funfun tí ó gbà pé a ń fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn jẹ wọ́n, ó sì sọ ti ìyá ìyá rẹ̀ funfun, ẹni tí ó tọ́ ọ pẹ̀lú ìfẹ́, tí ó sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ọkùnrin dúdú tí ń kọjá lọ́nà a máa ba òun.

Ó gba ìbò aṣojú 365, McCain gba 173. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò funfun, àwọn oníwádìí ìta ilé ìdìbò kà á pé 43 ni ó dìbò fún un. Nínú ọgọ́rùn-ún dúdú, 95. Kí olùkọ́ má ṣe yára fi iye yìí dájọ́, nítorí John Kerry, òyìnbó, gba 41 péré lọ́wọ́ àwọn funfun ní 2004, kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat tí ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbò wọn láti 1964.

Ìṣẹ́gun náà kò pa àbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Níbo ni a bí i? Ìbéèrè kékeré yìí ni Donald Trump ń tún bi ní 2011, títí Obama fi gbé ìwé ìbí rẹ̀ láti Hawaii jáde ní oṣù kẹrin. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni Trump tó gbà ní gbangba pé Amẹ́ríkà ni a bí i sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2024, ní Chicago, Trump sọ níwájú àwọn oníròyìn dúdú pé Kamala Harris, tí ìyá rẹ̀ wá láti Íńdíà tí baba rẹ̀ sì jẹ́ ará Jàmáíkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ara rẹ̀ di dúdú ni. Àbọ̀ kọ́ ni èyí mọ́. Àwọn olùwádìí kan ti kọ̀wé ní 2018 pé odidi ọ̀rọ̀ kì í tún ná olùdíje ní iye tí ó máa ń ná an tẹ́lẹ̀, a sì bẹ̀rù pé òtítọ́ ni wọ́n sọ.

Báwo wá ni a ṣe ń dá a lóhùn? Ẹ jẹ́ kí a padà sí 2008, sí ìlú Lakeville ní Minnesota, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Obìnrin kan dìde níwájú McCain, ó ní òun kò lè gbẹ́kẹ̀ lé Obama, nítorí pé Lárúbáwá ni. McCain gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọlúwàbí onílé àti ọmọ onílẹ̀ ni Obama, àwọn kan ọ̀rọ̀ ìjọba ni àwọn kò fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àwọn kan nínú èrò náà ti hó lé e lórí ní ọjọ́ yẹn nítorí irú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. A yin McCain, ó sì yẹ fún ìyìn, pàápàá bí a bá rántí South Carolina. Síbẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, bí ẹni pé ẹni tí ó bá jẹ́ Lárúbáwá kò lè jẹ́ ọmọlúwàbí.

Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Colin Powell, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ọ̀gágun dúdú tí ó ti jẹ́ mínísítà ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, bọ́ sórí tẹlifíṣàn láti sọ pé Obama ni òun yóò dìbò fún. Ó dá ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wí pé Mùsùlùmí ni Obama lóhùn. Ó ní Kristẹni ni. Ó tún bèèrè pé, bí ó bá sì jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́? Lẹ́yìn náà ó sọ ti àwòrán kan tí ó rí nínú ìwé ìròyìn: ìyá kan gbé orí lé òkúta ibojì ọmọ rẹ̀ ní Arlington, níbi tí a ń sin àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sí. Ọmọ náà kú ní Ìráàkì ní ẹni 20 ọdún. Àmì tí ó wà lára òkúta náà kì í ṣe àgbélébùú. Oṣù àti ìràwọ̀ ni.