Ọmọ Tó Tètè Gún Ọmú àti Gíga Rẹ̀

 Ẹ̀kọ́ ìlera wa ti oṣù yìí dá lórí àwọn ọmọ tí ara wọn ń sáré ju ọjọ́ orí wọn lọ.

Ọmọ ọdún 7 á ti gún ọmú, á ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì lọ, inú wa á máa dùn pé baba rẹ̀ ló jọ. Ẹ má tíì yọ̀. Ọmọ yìí gan-an lè wá kúrú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bí wọ́n bá dàgbà tán.

Ní ìkángun eegun ọmọdé, ibì kan wà tó rọ̀, ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn. Ohun tó ń sọ ọmọdé di ọmọge, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà; á kọ́kọ́ mú eegun sáré gùn, lẹ́yìn náà á mú ibi rírọ̀ yẹn le. Bó bá ti le, ó parí nìyẹn, kò sí àgúnmu tàbí fítámì tó lè ṣí i. Bí nǹkan oṣù bá ti bẹ̀rẹ̀, gíga tó kù kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lọ.

Bí ọmọbìnrin bá gún ọmú kó tó pé ọdún 8, tàbí tí kórópọ̀n ọmọkùnrin bá ń tóbi kó tó pé 9, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ti ọmọkùnrin ni kẹ́ ẹ sáré sí jù, torí àìsàn sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, nígbà mìíràn nínú ọpọlọ. Ti obìnrin, lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í rí àìsàn kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ọmọ pé ọkùnrin wo ló fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ọkùnrin kọ́ ló ń mú ọmú yọ. Ẹ má sì fi òkúta gbígbóná tẹ ọmú náà, bí àwọn kan ti ń ṣe ní Kamẹrúùnù. Á jó ọmọ lára, eegun ò ní mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ o. Ara rẹ̀ ló dàgbà, ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọmọ ọdún 7. Kó má dá kiri ọjà lálẹ́.

Ní ọsibítù, wọ́n á ya x-ray ọwọ́ òsì, torí ọmọ lè jẹ́ ọdún 7 kí eegun rẹ̀ ti dà bíi ti ọdún 10. Abẹ́rẹ́ kan wà, oṣooṣù tàbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tó ń dá ìbàlágà dúró díẹ̀. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ rẹ̀, ara á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní kí ọmọ má rọ́mọ bí lọ́la. Owó rẹ̀ kò kéré, a ò ní purọ́ fún yín. Ní ti gíga, ọmọ tí kò tíì pé 6 ló ń jèrè rẹ̀ jù. Lẹ́yìn 8, èrè rẹ̀ ò tó nǹkan. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló nílò rẹ̀.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé ní LASUTH, Ìkẹjà, tàbí LUTH, Ìdí-Àràbà. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn gíga ọmọ náà lára ògiri, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá. Ìwé yẹn ni dókítà á kọ́kọ́ béèrè.