Ẹ̀kọ́ Kékeré: Asà Tí À Ń Fọwọ́ Tẹ̀

Ṣé ẹ rántí bí sípíkà ṣe máa ń ké "tì-tì-tì" ní àsẹ́ńbílì kí fóònù olùkọ́ tó dún? Ìgbì fóònù ló wọ wáyà sípíkà. Ẹ̀rín nìyẹn jẹ́ fún wa. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn aláìsàn ni ìgbì dà láàmú ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Lọ́dún 1836, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù kan àpótí tó tó yàrá, ó fi wáyà bàbà àti tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ó sì wọ inú rẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná ń ta pàrà lára àpótí, ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan lára. Irin di asà.

Àmọ́ irin wúwo, agbára rẹ̀ kò sì ṣeé yí padà. Ni àwọn onímọ̀ bá po èérún kábọ̀ọ̀nù tàbí okùn fàdákà tín-ín-rín mọ́ fóòmù. Bí ẹ bá tẹ fóòmù náà, àwọn èérún á fara kanra, iná á rí ọ̀nà gbà láàárín wọn, asà á le sí i. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n á jìnnà síra, ìgbì á tún máa kọjá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!

Dẹ̀síbẹ́lì (dB) la fi ń wọn asà: ní 20 dB, ìdá 1 nínú 100 ló ń kọjá, ní 30 dB, 1 nínú 1,000.

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ fi fọ́ìlì ìdáná wé rédíò kékeré pátápátá, kí ẹ tẹ́tí sí i. Ní 40 dB, mélòó ló ń kọjá? Ẹ mú ìdáhùn wá sí ìpàdé.