Ẹ̀yìn Awakọ̀ Tírélà àti Òrí: Ìdáhùn sí Lẹ́tà láti Ajégúnlẹ̀

Wíwọ́ ara a máa tú iṣan tó ti le, ara á sì fúyẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi tó ń dùn ni wọ́n ń wọ́. Ìyàwó awakọ̀ tírélà tó kọ̀wé láti Ajégúnlẹ̀ béèrè bóyá kí òun máa fi òrí wọ́ ọkọ òun lẹ́yìn àti léjìká lálaalẹ́, kí òun sì wọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó wú pẹ̀lú.

Ẹsẹ̀ náà ló kọ́kọ́ ká ni lára. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, tó gbóná, tó sì ń dunni lẹ́yìn ojúgun, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ rárá. Lónìí gan-an ni kí ọkọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ajéròmí tàbí Àpápá, kí òrí sì dúró títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí wọ́n pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112, lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹ̀yìn àti èjìká, iṣẹ́ wáàfù ló ń fa ìrora wọn. Kí NPA, àjọ tó ń bójú tó èbúté, tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìpe ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ètò lóṣù kejì ọdún 2021, awakọ̀ a máa sùn sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú ọ̀nà Àpápá sí Oṣòdì. Ẹni tó bá jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀, tó na ọrùn síwájú, iṣan ọrùn àti ìbàdí rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n á fún pọ̀, wọ́n á sì máa ro ó. Ọwọ́ tó ń wọ́ ọ á mú ibẹ̀ móoru, ọkàn á balẹ̀, oorun á dùn. Kì í fa májèlé jáde lára bí àwọn kan ti ń sọ, ìtura rẹ̀ kì í sì í pẹ́ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ìlà ọkọ̀ bá dúró, kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó rìn.

Bí dókítà bá ti gbà, kí ìyàwó tẹ́ tówẹ̀lì tó rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí èjìká rẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra òrí títí yóò fi yọ́. Kí àtàǹpàkò rẹ̀ rọra máa lọ láti ìdí ọrùn wá sísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, kó má gun orí eegun fúnra rẹ̀. Ibi tí iṣan bá ti di kókó, kó tẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀n mímí mẹ́ta kó tó kúrò. Bí ọkọ bá ń fajú ro tàbí tó ń há èémí mọ́nú, ọwọ́ ti le jù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Kí wọ́n má sì pe ọmọ wá gun bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, bó ti wọ́pọ̀ nílé púpọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kò mọ eegun yàtọ̀ sí ẹran.

Wọn kì í wọ́ ibi tó ṣẹ́, ojú egbò tàbí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, àwọn physiotherapist, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìtọ́jú iṣan àti eegun, ló ni ín. Wọ́n wà nílé ìwòsàn eegun ti Ìgbòbì. Láti ọdún 1988 ni òfin ti ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba, ẹni tó bá sì gbówó ìtọ́jú lọ́wọ́ aláìsàn kò gbọdọ̀ bínú bí wọ́n bá ní kó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá.